ÀLÙFÁÀ TÍ Ó FI ORIN WÀÁSÙ
(Ìtàn ìgbésí ayé Canon J. J. Ransome-Kuti, 1855 sí 1930)

  

Ìgbìmọ̀ àjọ̀dún ní kí a kọ ìtàn ẹnì kan sínú ìwé ìrántí ọdún yìí, ẹni tí ayé rẹ̀ yóò kọ́ wa ní nǹkan nípa ìyìn àti ìdúpẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú yín ni yóò ti máa retí Bàbá Mósè Orímọládé, tàbí Àpọ́sítélì Babalọlá, tàbí Bàbá Oshitelu ti Ògèrè. Ìtàn wọn kò ní tán láé. Ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, ẹni tí a mú kì í ṣe aládùúrà. Àlùfáà ìjọ C.M.S. ni títí ọlọ́jọ́ fi dé, a kò sì ní fi ipá sọ ọ́ di tiwa. Orúkọ rẹ̀ ni Josiah Jesse Ransome-Kuti, ọmọ Ẹ̀gbá, ẹni tí gbogbo ayé mọ̀ sí àlùfáà akọrin. Àgbègbè Ifọ, tí àwọn kan nínú yín ti wá lónìí, wà lára ibi tí ó ti ṣiṣẹ́ Olúwa.

Kí a tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí a jẹ́wọ́ ohun kan. Ní ìṣọ́ òru ìyìn kan tí a ṣe níhìn-ín, jẹnẹrétọ̀ kú mọ́ wa lọ́wọ́ ní nǹkan bí aago kan òru. Iná lọ. Máíkì kú. Dùùrù tó ń fi iná ṣiṣẹ́ dákẹ́. Àwa tí a ti ń fò sókè láti aago mọ́kànlá, ṣe ni a kàn dúró tí à ń wo ara wa. Ó tó ìṣẹ́jú márùn-ún tí ẹnikẹ́ni kò gbé orin, tí gbogbo wa ń retí kí ọmọkùnrin tó lọ fa jẹnẹrétọ̀ padà dé. Ìyá àgbà kan tó jókòó lẹ́yìn ló wá gbé e, orin ìdúpẹ́ kúkúrú kan báyìí, ó ń fi ọwọ́ lu itan. A gbè é. Nígbà tí iná yóò fi dé, a ti gbàgbé pé iná lọ. Síbẹ̀ ìtìjú ìṣẹ́jú márùn-ún yẹn kò tíì kúrò lára wa. Ṣé Ọlọ́run ni a ń yìn tẹ́lẹ̀ ni, àbí ẹ̀rọ ló ń bá wa yìn ín? Ìbéèrè yìí ló gbé wa dé ọ̀dọ̀ Bàbá Ransome-Kuti, nítorí kò sí máíkì, kò sí iná mànàmáná, nígbà tí ó ń kọrin fún àwọn àgbẹ̀ Ifọ.

A bí i ní Igbein, ní Abẹ́òkúta, ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà ọdún 1855. Ìlú náà gan-an kò tíì dàgbà nígbà náà. Ọdún 1830 ni àwọn Ẹ̀gbá tẹ̀ ẹ́ dó sábẹ́ àpáta Olúmọ lẹ́yìn ogun tó tú wọn ká. Henry Townsend wá wo ibẹ̀ ní ọdún 1843, iṣẹ́ C.M.S. sì fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní ọdún 1846. Ní ọdún 1848 ni Afálá, ìyá Àjàyí Crowther, ṣe ìrìbọmi níbẹ̀, lẹ́yìn tí òun àti ọmọ rẹ̀ tí ogun ti yà nípa fún nǹkan bí ọdún 25 tún rí ara wọn. Ẹ ò rí i pé ìdúpẹ́ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ìgbàgbọ́ ní ìlú yẹn.

Likoye Kuti ni orúkọ bàbá rẹ̀, Ekidan ni orúkọ ìyá rẹ̀. Ìyá ló gba ìgbàgbọ́, òun ló sì fa ọmọ lọ́wọ́ lọ sọ́dọ̀ Kristi, bí ó ti máa ń rí nínú ọ̀pọ̀ ilé títí di òní. Bí etí tiwa ti ń gbọ́ Kuti yìí, pé ikú tì ni, ikú kò rí i gbé ṣe, orúkọ náà fúnra rẹ̀ jọ orúkọ ìdúpẹ́. Àwọn baba wa kò dúró de ọjọ́ Ìsinmi kí wọ́n tó dúpẹ́. Wọ́n ń fi í sọ ọmọ, wọ́n sì ń pe ìdúpẹ́ náà láàárọ̀ àti lálẹ́ nígbàkígbà tí wọ́n bá ń rán ọmọ níṣẹ́.

Ọmọ ọdún 12 ni Josiah nígbà tí Ìfọ́lé ṣẹlẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ lè má mọ ọ̀rọ̀ yìí. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1867, ìjà àwọn Ẹ̀gbá àti ìjọba òyìnbó Èkó di ńlá, ni wọ́n bá kọjú sí ilé àwọn mísọ́nnárì, wọ́n fọ́ wọn, wọ́n kó wọn lẹ́rù, wọ́n sì lé àwọn òyìnbó kúrò ní ìlú. Àwọn onígbàgbọ́ kan bá wọn sá lọ sí Ẹbute-Mẹ́ta. Àwọn tó kù ní Abẹ́òkúta di ẹni tí kò ní òyìnbó tí yóò gbé ìwé orin sí wọn lọ́wọ́. Síbẹ̀ ìsìn kò parẹ́. Ọmọ tó bá fojú rí irú nǹkan báyìí kò ní rò pé ibi tí nǹkan ti ń dán nìkan ni a ti ń yin Ọlọ́run.

Ní ọdún 1871 ó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ tí C.M.S. ti ń kọ́ àwọn olùkọ́ ní Èkó. Nígbà tí ó parí, ó padà wá ṣe olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ St. Peter's, Aké. Ní ọdún 1879 ó tún lọ sí Èkó, ó ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ilé ẹ̀kọ́ C.M.S. ní orin. Ní ọdún 1882 ó fi Bertha Erinade Olubi ṣe aya. Orin ti di iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn, kó tó di pé wọ́n sọ ọ́ di àlùfáà rárá.

Níhìn-ín ni kí a ti dúró díẹ̀, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà.

Ní ayé ìgbà náà, orin tí wọ́n ń kọ ní ilé ìsìn, ọ̀rọ̀ Yorùbá ni, ṣùgbọ́n ohùn òyìnbó ni púpọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ Yorùbá ti mọ wàhálà tó wà níbẹ̀. Ohùn ni èdè wa fi ń sọ̀rọ̀. Bí ohùn orin bá gòkè níbi tí ọ̀rọ̀ ti wálẹ̀, ọ̀rọ̀ ti yí padà nìyẹn. Ẹni tó fẹ́ kọrin nípa ọ̀run, ohùn orin lè mú un máa kọrin nípa ọrùn. Ẹni tó ń pe Jésù ní ọ̀rẹ́, àgbẹ̀ tó dúró lójú fèrèsé lè gbọ́ ọrẹ, kí ó rò pé owó ni wọ́n tún fẹ́ gbà. Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ kò ní ṣìnà, ìwé wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń wo ọ̀rọ̀ náà lójú. Ṣùgbọ́n mélòó ló mọ̀wé nígbà náà? Àwọn tó kù ń gbé ẹnu sókè, wọ́n ń yin Ọlọ́run pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí kò yé wọn. Ẹni tí a ṣe lóore tó wá dúpẹ́ ní èdè tí òun fúnra rẹ̀ kò gbọ́, a ò ní sọ pé kò dúpẹ́ o, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò bá ẹnu rẹ̀ lọ.

Ohun tí Bàbá ṣe ni pé ó ń ṣe orin ìyìn ní ohùn Yorùbá, ohùn tí ó bá ọ̀rọ̀ mu, tí ọmọdé àti arúgbó lè gbọ́ lẹ́ẹ̀kan kí wọ́n sì gbà á. Lójú tiwa aládùúrà lónìí, èyí kò jọ nǹkan bàbàrà, nítorí inú rẹ̀ ni a bí wa sí. Ṣùgbọ́n ní ayé àwọn mísọ́nnárì, kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni inú rẹ̀ ń dùn sí i kí ohùn ilé wọ ilé Ọlọ́run. Ìlù gan-an, wọn kò jẹ́ kí ó wọlé ní ọ̀pọ̀ ìjọ. Wọ́n ní ohùn tí a ti fi kí òòṣà, ohùn tí egúngún ti fi jó, kò yẹ Olúwa. Ẹ̀rù tó ń bà wọ́n kì í ṣe ẹ̀rù asán, ẹ má jẹ́ ká fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú òòṣà jáde ni ìjọ kún fún, wọn kò fẹ́ kí wọ́n padà. Ṣùgbọ́n ohùn kò ní ẹ̀ṣẹ̀. Ẹnu tí a fi jẹ ohun tí a fi rúbọ lánàá náà ni a fi ń gba àdúrà lónìí. Àwọn ènìyàn bí Mojọlá Agbebi, tó bọ́ orúkọ òyìnbó sílẹ̀ ní ọdún 1894, ń jà fún irú ọ̀rọ̀ yìí ní ìjọ tiwọn. Bàbá Ransome-Kuti kò kúrò ní ìjọ tirẹ̀, kò sì bọ́ orúkọ Ransome sílẹ̀. Ó kàn ń kọrin ni.

Ní ọdún 1891 wọ́n fi í ṣe katikíìsì ní Gbágùrá, ní Abẹ́òkúta. Ó di díákónì ní ọdún 1895, ó di àlùfáà ní ọdún 1897. Wọ́n rán an lọ sí àgbègbè Sunren àti Ifọ, láàárín àwọn abúlé àgbẹ̀. Ní ilé ẹ̀kọ́ abúlé Sunren yẹn ni ọmọ rẹ̀ Israel Olúdọ̀tun, tí a bí ní ọdún 1891, ti bẹ̀rẹ̀ ìwé. Wọ́n tún fi Bàbá ṣe adájọ́ àgbègbè láti ọdún 1902 sí 1906, èyí tí a kò ní pẹ́ lórí rẹ̀.

Ẹ fojú inú wo abúlé oko ní ìgbà yẹn. Àwọn ènìyàn ti ṣiṣẹ́ láti òwúrọ̀, ó ti rẹ̀ wọ́n. Bí àlùfáà bá dé tó ṣí ìwé, tó bẹ̀rẹ̀ sí ka orí ìwé gígùn, wọn yóò jókòó nítorí ọ̀wọ̀, oorun yóò sì kún ojú wọn. Ṣùgbọ́n orin! Ẹni tó gbọ́ orin kì í lè ṣe bí ẹni pé òun kò gbọ́. Bí ẹnì kan bá dá a tí àwọn yòókù gbè é, ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ti wọ ẹnu wọn kí wọ́n tó pinnu pé àwọn yóò gbà á. Lọ́jọ́ kejì wọ́n á gbé e lọ sí oko; obìnrin á máa kọ ọ́ nídìí ọlọ, ọkùnrin á máa kọ ọ́ lórí ebè. Àlùfáà ti padà sílé, ìwàásù rẹ̀ ṣì wà ní abúlé. Orin ló ń ṣáájú Bàbá yìí lọ, ìwàásù ń tẹ̀ lé e, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì tipa bẹ́ẹ̀ wá sínú ìgbàgbọ́.

Àwa aládùúrà fẹ́ràn ìtàn Jèhóṣáfátì tó wà nínú Ìwé Kíróníkà Kejì, orí 20. Ọba náà fi àwọn akọrin ṣáájú àwọn ọmọ ogun, nígbà tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí kọrin ìyìn ni Olúwa dá sí ìjà náà. Ohun tí a máa ń gbójú fò nínú ìtàn yẹn ni pé nígbà tí wọ́n ń kọrin, wọn kò tíì ṣẹ́gun. Ogun ṣì wà níwájú. Tiwa lónìí, ẹ̀yìn ogun ni à ń dúpẹ́: ọkọ̀ ti dé, ọmọ ti wọ yunifásítì, ìwé ilẹ̀ ti jáde. Èyí dára, ìlọ́po mẹ́wàá ni kó máa pọ̀ sí i. Adẹ́tẹ̀ mẹ́wàá ni Jésù wò sàn, ẹnì kan ṣoṣo ló padà wá, àlejò sì ni. Ṣùgbọ́n irú ìdúpẹ́ tí Bàbá yìí gbé lọ sí Sunren, ìdúpẹ́ àwọn tí kò tíì ní nǹkan kan lọ́wọ́ ni. Ilé wọn kò yí padà lọ́jọ́ tí wọ́n kọrin náà. Ó yẹ kí èyí dá wa dúró díẹ̀, àwa tí a máa ń sún ọjọ́ ìdúpẹ́ síwájú títí aṣọ ẹgbẹ́ yóò fi jáde.

Ní ọdún 1911 wọ́n pè é padà sí ìlú, ó di pásítọ̀ St. Peter's ní Aké àti alábòójútó iṣẹ́ ìjọ ní Abẹ́òkúta. Ìgbà líle ni. Ní ọdún 1914 òmìnira ìjọba Ẹ̀gbá parí. Ní ọdún 1918 ogun Àdùbí bẹ́ sílẹ̀ nítorí owó orí. Wọ́n tu irin rélùwéè, wọ́n pa Òṣilẹ̀, ọ̀pọ̀ ẹ̀mí sì ṣòfò ní àwọn abúlé Ẹ̀gbá. Ogun náà kò tíì tán lẹ́nu tí àrùn ajàkálẹ̀ inflúẹ́ńsà fi wọ ìlú ní ọdún kan náà. Ẹni tó jẹ́ olórí ìjọ ní irú ọdún bẹ́ẹ̀ mọ ohun tí ó túmọ̀ sí láti ní kí àwọn ènìyàn dìde kí wọ́n kọrin. Inú àrùn yẹn náà ni àwọn ẹlẹ́gbẹ́ àdúrà ti kóra jọ ní Ìjẹ̀bú-Òde, níbi tí iṣẹ́ aládùúrà ti bẹ̀rẹ̀ sí yọ. Nígbà kan náà, ní ilẹ̀ kan náà, àwọn kan ń fi ẹkún àti àwẹ̀ wá Olúwa, ẹlòmíràn sì ń fi ohùn Yorùbá yìn ín. Àwọn méjèèjì ló wá pàdé nínú ìsìn tí à ń ṣe lónìí, bí a bá fẹ́ sọ òótọ́.

Ọdún 1922 ni wọ́n fi í jẹ Canon ní ilé ìsìn Cathedral Church of Christ, Èkó. Ọdún yẹn kan náà ni ohùn rẹ̀ wọ inú àwo giramófóònù ní London, fún ilé iṣẹ́ Zonophone. Ó ti di ẹni ọdún 67 nígbà náà. Orin tó gbà sílẹ̀ lé ní 40, ní èdè Yorùbá, ó sì wà lára àwọn ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ohùn wọn wọ inú àwo. Ẹ rò ó wò: nígbà tí giramófóònù jẹ́ nǹkan ìyanu lọ́wọ́ àwọn olówó, tí ohun tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ jẹ́ ohùn òyìnbó, ohùn àlùfáà Ẹ̀gbá kan ń yin Olúwa láti inú àpótí náà, ní irú ohùn tí àgbẹ̀ Ifọ gbọ́. A kò bínú sí ẹ̀rọ, ẹ ṣé ẹ rí i. Bàbá náà lo ẹ̀rọ ìgbà tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ìgbà tí ẹ̀rọ yóò fi dé, orin ti wà nínú rẹ̀ fún ogójì ọdún.

Ó fi ayé sílẹ̀ ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹsàn-án ọdún 1930, lẹ́ni ọdún 75. Ẹ kíyè sí ọdún náà. Ní oṣù keje ọdún 1930 ni ìsọjí Òkè-Oyè bẹ́ sílẹ̀ ní Iléṣà lọ́wọ́ Àpọ́sítélì Babalọlá, tí ogunlọ́gọ̀ ń kọrin tí wọ́n ń gbé omi àdúrà. Oṣù keje yẹn náà ni Bàbá Oshitelu dá ìjọ rẹ̀ sílẹ̀ ní Ògèrè, ní ilẹ̀ Rẹ́mọ, nínú ìpínlẹ̀ wa yìí. Àárín wọn àti ikú akọrin àgbà náà kò pé oṣù méjì. A kò sọ pé òun ló bí wọn. A kàn rí i pé nígbà tí ohùn tirẹ̀ ń dákẹ́ ní Abẹ́òkúta, ohùn Yorùbá ti gba ìta àti gbàgede, kò sì sí ẹni tó tún lè lé e jáde kúrò nínú ilé Ọlọ́run mọ́.

Ọmọ àti ọmọ-ọmọ rẹ̀, ayé mọ̀ wọ́n ju òun lọ. Israel Olúdọ̀tun ni ọmọ àkọ́kọ́ tó forúkọ sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta Grammar School ní ọdún 1908, òun náà ló sì wá di ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ náà láti ọdún 1932 sí 1954. Funmiláyọ̀ aya Israel kò nílò àlàyé. Olíkóyè tó ṣe mínísítà ètò ìlera, Fẹlá olórin, Bẹ̀kọ́ dókítà, ọmọ-ọmọ Bàbá ni gbogbo wọn. Ibi tí Fẹlá gbé orin tirẹ̀ gbà kì í ṣe ọ̀nà ilé ìsìn, ó tilẹ̀ bọ́ Ransome kúrò lára orúkọ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn kọjá ìwé ìrántí yìí.

Ẹni tó kọ ìtàn Bàbá yìí sílẹ̀ kí ó má bàa parẹ́ ni Isaac Olúwọlé Delano, nínú ìwé kan tí ó jáde ní ọdún 1942. Okenla, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ifọ, ni wọ́n ti bí Delano ní ọdún 1904, nínú abúlé tí àwọn onígbàgbọ́ dá sílẹ̀. Òun náà ló kọ Aiyé d'Aiyé Òyìnbó tí ọ̀pọ̀ wa kà nílé ìwé. Nítorí náà ẹ̀yin ará Ifọ, ẹ̀yin lẹ gba orin, ẹ̀yin náà lẹ bí ẹni tó kọ ìtàn olórin.

Ní ọjọ́ ìdúpẹ́ àjọ̀dún yìí, ìgbìmọ̀ ti fẹnu kò pé a ó pa jẹnẹrétọ̀ fún orin mẹ́ta àkọ́kọ́, kí akọrin má sì gbé máíkì. Ìyá tó gbé orin lóru ọjọ́ yẹn ni yóò dá èkínní. Èkejì àti ẹ̀kẹta, ọwọ́ ìjọ àlejò láti Ifọ ni a fi wọ́n sí. Kí wọ́n mú orin ilé wá, èyí tí ọmọdé lè gbè láìwo ìwé. Aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ni, kí olúkúlùkù tètè dé.